Ìtọ̀ Tó Ń Jò: Ẹ Jẹ́ Ká Mú Ìbò Lé Oògùn

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn obìnrin ló ni ín, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin kankan má ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ìyá ẹ lè wà nínú ẹ̀, ìyàwó ẹ lè wà nínú ẹ̀.

Àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí kì í jó mọ́ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Bí àwọn onílù bá ti gbé e sókè báyìí, wọ́n á rọra fà sẹ́yìn, wọ́n á ní orúnkún ló ń dun àwọn. Àwọn mìíràn ti pa àìsùn tì. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín sókè mọ́, ẹni tí a mọ̀ sí aláwàdà tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, kì í ṣe orúnkún. Ìtọ̀ ló ń jò. Bí wọ́n bá wúkọ́, á já. Bí wọ́n bá sín, á já. Bí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi tàbí wọ́n fò kọjá gọ́tà, á já. Àwa tí wọ́n ń wá bá níwájú ọpọ́n mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ owó, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ, ó dìgbà tí wọ́n bá dìde, tí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó yíjú padà sọ èyí tó gbé wọn wá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kì í ṣe. Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Kì í ṣe ìjìyà èèwọ̀ tí ẹnì kan jẹ. Kì í ṣe pé obìnrin náà ṣe ìṣekúṣe. Lábẹ́ ikùn obìnrin, láti egungun iwájú títí dé ìdí ẹ̀yìn, àwọn iṣan kan wà tó tẹ́ bí ẹní. Orí ẹní yìí ni àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ jókòó lé. Òun náà ló ń bá ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ dì. Bí obìnrin bá ti bímọ bíi mélòó kan, pàápàá bí ìrọbí bá pẹ́ tàbí ọmọ bá tóbi, ẹní yẹn á fẹ̀, á rọ̀. Ọjọ́ orí tún máa ń dá kún un lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ara sísanra ń dá kún un. Ikọ́ tí kò lọ ń dá kún un. Ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára ya ń dá kún un, ẹrù wíwúwo náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo àdúgbò wa: àwọn ìyá tó ń pọn omi láti òwúrọ̀, àwọn tó ń yan ẹja nínú èéfín tí wọ́n ń wúkọ́, ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo fún ilé odindi. Ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu?

Ẹ sì jẹ́ kí n ya oríṣi mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí oògùn wọn kò pọ̀ mọ́ra. Èyí tó ń já nígbà ikọ́, ẹ̀rín àti ẹrù, òun la ń sọ lónìí. Èkejì ni èyí tó máa ń gbọ̀n obìnrin lójijì tí kò ní lè dé ilé ìtọ̀; ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ṣàn tọ̀sán tòru láìdúró, pàápàá lẹ́yìn ìrọbí tó le. Ìyẹn ihò ni, ó ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Kò sí àgbo tó ń di ihò yẹn, iṣẹ́ abẹ ló ń dí i. Ilé ìwòsàn ìjọba tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn wà ní Abakaliki, ó wà ní Babbar Ruga ní Katsina. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kó tètè lọ bá dókítà, kó tó di pé ọkọ lé e jáde.

Ó dára. Nísinsìnyí, kí ni oògùn èyí tó ń já nígbà ikọ́? Bí ẹ bá jáde sójú ọ̀nà, ẹ ó gbọ́ ti ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó gbogboǹṣe. Kẹ́míìsì á fún yín ní tirẹ̀. Àwa náà ní tiwa. Olúkúlùkù á ní tòun ló ń ṣiṣẹ́, á sì ní òun mọ ẹni tó lò ó tó san. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́?

Gbogbo yín lẹ mọ bí a ṣe ń dá Ifá. Ẹni tó wá béèrè á mú owó, á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Awo kò ní gbọ́. Tó bá wá di pé a fẹ́ mú ìbò, oníbèéèrè á mú owó ẹyọ sí ọwọ́ kan, á mú egungun sí ọwọ́ kejì, á di ọwọ́ méjèèjì pa. Awo kò mọ èyí tó wà níbì kan. Kí ló dé tí àwọn baba wa fi ṣe é báyẹn? Ṣé wọn kò fọkàn tán awo ni? Awo, ènìyàn ni. Bó bá ti mọ ohun tí oníbèéèrè ń fẹ́, ọkàn rẹ̀ lè fà síbẹ̀ láìmọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe di ọwọ́ pa, kí Ifá lè sọ tirẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í.

Ìdánwò oògùn tó péye, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Mo ní àpẹẹrẹ kan tó jẹ́ ti ìtọ̀ jíjò yìí fúnra rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ oògùn kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Indianapolis, Eli Lilly ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní oògùn kan tó ń jẹ́ duloxetine. Oògùn ẹni tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lọ́kàn débi àìsàn ni wọ́n pète rẹ̀ fún. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé ó tún ń ṣiṣẹ́ níbì kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí àṣẹ ti ń jáde lọ bá iṣan tó ń di ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, tó ń mú kí iṣan náà dì dáadáa. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká dán an wò fún àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára wọn.

Èsì ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò náà jáde ní 2003. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Obìnrin 683 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 22, èyí tó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 84. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n fi ohun tó dà bí kèké pín wọn sí méjì: 344 gba oògùn gidi, kóró lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, 339 gba kóró tó jọ ọ́ dọ́gba, àmọ́ tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, òfìfo. Obìnrin náà kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Dókítà tó ń fún un kò mọ̀ pẹ̀lú. Ṣé ẹ rí i bí ọwọ́ méjèèjì ṣe dì? Olúkúlùkù obìnrin ní ìwé tó ń kọ ọ́ sí: lónìí, ó já lẹ́ẹ̀mejì, lánàá, ó já lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìgbà tí iṣẹ́ parí kí wọ́n tó ṣí ọwọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Bí a bá mú ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú àwọn tó gba oògùn gidi, iye ìgbà tí ìtọ̀ ń já dín kù ní ìdá 50 nínú 100. Ìyẹn ni pé ìdajì ti lọ. Ó dáa. Àwọn tó gba òfìfo ńkọ́? Tiwọn náà dín kù ní ìdá 27 nínú 100.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kóró tí kò ní nǹkan kan nínú, ó mú ìjò dín kù ní ohun tó ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Obìnrin tó ń kọ ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí ara. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ń bi léèrè, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àìsàn pàápàá ní ìgbà tó ń le àti ìgbà tó ń rọ̀. Ìgbà tó bá sì le jù la máa ń wá oògùn lọ, nítorí náà ó lè rọ̀ lẹ́yìn náà bí a tilẹ̀ mu omi lásán. Tí kì í bá ṣe ti àwọn 339 yẹn, ilé iṣẹ́ oògùn ì bá ti máa polówó pé ìdajì odindi ni oògùn àwọn ń mú lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kàn wá níbí o. Ìdá 27 yẹn, gbogbo àwa tí ń ṣe oògùn la ti ń jẹun lára rẹ̀, ti òyìnbó, ti dúdú. Ẹni tó mu àgbo wa tó sàn á padà wá dúpẹ́, á mú àkùkọ wá. Ẹni tí kò sàn kì í padà wá, ilé ibòmíràn ló gbà lọ, a kò sì kà á. Ẹnu kan la ń gbọ́. Èmi kò sọ pé ewé kò ṣiṣẹ́ o. Ọ̀sanyìn ló ni ewé, a sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ewé tí a gbẹ́kẹ̀ lé kò ní bẹ̀rù ìbò. Awo tí wọ́n bá ní kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fún ní àgbo ìtọ̀ sílẹ̀, ẹni tó sàn àti ẹni tí kò sàn, tó bá ń bínú, ẹ bi í pé kí ló ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí duloxetine, nítorí oògùn kì í ṣe rere nìkan. Nínú ìdánwò 2003 yẹn kan náà, ìdá 24 nínú 100 àwọn tó gba oògùn gidi ló fi í sílẹ̀ láìparí nítorí ohun tó ń ṣe lára wọn. Èébì tó ń gbé wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lára àwọn tó gba òfìfo, 4 péré nínú 100 ló fi í sílẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú obìnrin mẹ́rin, bí ẹnì kan kò lè fara dà á.

Ohun tó burú ju èébì tún wà. Ní oṣù kejì 2004, ní Indianapolis, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ọdún 19, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn yìí wò. Kò ṣàìsàn. Ọ̀kan lára àwọn tí ara wọn yá, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n sì ń gbowó fún un ni. Ikú ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti fi dá oògùn lẹ́bi, àmọ́ ó tó láti mú kí a la ojú. Ní 2005, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kéde pé nígbà tí ìdánwò ìtọ̀ jíjò yìí ń tẹ̀ síwájú, àwọn obìnrin tó gbìyànjú láti pa ara wọn pọ̀ ju iye tí wọ́n retí láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ náà ti kó ìwé tí wọ́n fi ń béèrè àṣẹ fún ìtọ̀ jíjò padà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Títí dòní, Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i fún ìtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i fún ìbànújẹ́ ọkàn. Yúróòpù ní tiwọn fọwọ́ sí i ní 2004, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á fún ìtọ̀ ni Yentreve. Ní Bìrìtìkó, àwọn tó ń gba dókítà nímọ̀ràn ní kì í ṣe òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún obìnrin. Àfi ẹni tí kò bá fẹ́ iṣẹ́ abẹ tàbí tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Ìdí tí mo fi ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ nìyí. Àwọn ọmọ wa wà ní London, wọ́n wà ní Dublin. Ọmọ á fẹ́ ran ìyá lọ́wọ́, á fi kóró ránṣẹ́ sílé nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀. Ìyá tó bá gba irú kóró yìí, kó mú un lọ bá dókítà kó tó fi kan ẹnu. Kò dára fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kò dára kí èèyàn máa pa á pọ̀ mọ́ ọtí líle, àgbo tí a rẹ sínú ògógóró náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì; dókítà ló ń bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ọkàn ẹni tó ń lò ó bá sì ń rò ó láti ṣe ara rẹ̀ léṣe, kó má dá a gbé mọ́ra. Kó sọ fún ará ilé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹnì kan á ní, ẹ̀yin baba, ti òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá ní Badia? Ó kàn wá. Ìdánwò oògùn ti wọ ilẹ̀ yìí tipẹ́. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń pa ọmọ ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Nǹkan bí ọmọ 200 ni, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn tí a ti mọ̀. Ọmọ 11 kú, àwọn mìíràn sì ní àbùkù ara. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́, ó di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kano tó parí ẹ̀ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Àmọ́ owó kì í jí òkú. Ìfura tí ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀ ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ má sì gbàgbé èyí tó sún mọ́ wa jù. Láàárín 2004 sí 2007, wọ́n dán gẹ́ẹ̀lì kan wò lára obìnrin 1,644 ní Èkó àti Port Harcourt, bóyá ó lè dènà àrùn HIV. Irú ìdánwò kan náà ń lọ ní Benin tó múlé gbè wá, ní Uganda, ní South Africa àti ní Íńdíà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2007, àwọn tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ ìdánwò ti àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn yẹ ìwé wò ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n rí i pé ó dà bí ẹni pé àwọn tó ń lo gẹ́ẹ̀lì ló ń kó àrùn jù. Wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ti Èkó náà dúró. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibẹ̀ àti Kano. Ibi tí olùṣọ́ bá wà, a lè dáwọ́ dúró kí ewu tó gbilẹ̀.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ sá fún ìdánwò oògùn. Bí kò bá sí obìnrin tó gbà láti wọ inú ẹ̀, òkùnkùn ni gbogbo wa á wà, gbogboǹṣe ni a ó sì máa mu. Ohun tí mo ní ni pé kí ẹ béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ àdúgbò wa, ó ní òun fẹ́ dán oògùn ìtọ̀ wò, tàbí oògùn mìíràn, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí.

Èkíní: Ṣé ìtọ́jú ni tàbí ìdánwò? Kó dáhùn ní gbangba.

Èkejì: Ṣé NAFDAC fọwọ́ sí i? Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹ̀tọ́ àwọn tó máa wọ inú ẹ̀? Ilẹ̀ yìí ní ìlànà fún un láti 2007, òfin ìlera 2014 sì tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwádìí NIMR ní Yaba náà ní in. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ, kí ẹ sì rán ọmọ tó kàwé lọ wádìí ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ẹ ó kà á fún mi lédè Yorùbá títí yóò fi yé mi? Ẹni tí kò mọ̀wé kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n kà á sókè, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òfìfo ni wọ́n máa fún mi? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú wo ni mo máa rí gbà nígbà tí ìdánwò bá parí?

Ẹ̀karùn-ún: Bí ó bá ṣe mí léṣe, ta ló máa tọ́jú mi, owó ta ni?

Ẹ̀kẹfà: Ṣé mo lè jáde nígbàkígbà láìsí ìbínú, tí ilé ìwòsàn á ṣì máa tọ́jú mi? Ẹni tó bá ní o kò lè jáde mọ́, má wọlé níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí èyí, mo sì fẹ́ kó yé wa. Bẹ́ẹ̀ ni tí obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ni bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ kò lè bá a sọ ọ́. Baálẹ̀ kò lè bá a sọ ọ́. Àwa babaláwo kò lè bá a sọ ọ́. Bó bá wù ú, kó wá bi Ifá léèrè, ibẹ̀ dára. Àmọ́ bíbi Ifá kò ní kó má bi dókítà. Bí awo kan bá sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìdánwò kó lè máa kó àwọn ọmọ ilé rẹ̀ lọ fún wọn, awo bẹ́ẹ̀ ti la ọwọ́ ìbò wò.

Kí ni ìyá tí ìtọ̀ ń jò á wá ṣe ní òní yìí, kí oògùn kankan tó dé? Ohun kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀, tí wọ́n sì ti dán an wò. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948. Ní 1999, wọ́n dán an wò ní Norway fún oṣù 6, obìnrin 107. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn tó ṣe eré ìdárayá yìí ló sàn jù, ju àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ iná tọ́jú lọ pàápàá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ fún ìsàlẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìsó já láàárín àwùjọ, kí ẹ sì fa tiwájú náà sókè bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ má fún ikùn, ẹ má fún itan, ẹ má sé èémí. Ẹ dì í mú díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ sinmi. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni, ó kéré tán oṣù mẹ́ta. Ẹ lè ṣe é nínú dánfó, ẹ lè ṣe é nídìí ọjà, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bí ikọ́ tàbí sísín bá ń bọ̀, ẹ fún un mọ́ra kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti fi dá a lẹ́jọ́. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ iye ìgbà tó já sí, bí àwọn obìnrin 683 yẹn ṣe kọ ọ́, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù lóòótọ́. Bí ó bá pé oṣù mẹ́ta tí kò dín kù, ẹ lọ bá dókítà obìnrin. Iṣẹ́ abẹ wà, àwọn ọ̀nà mìíràn wà.

Àwọn ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe náà rèé. Ẹ má torí ìtọ̀ dẹ́kun omi mímu. Ìtọ̀ tó ki máa ń ta ara, ó sì ń fa àrùn. Ẹ má ki álọ́ọ̀mù tàbí ewé kankan bọ ojú ara pé ẹ fẹ́ kó fún. Ó ń bó ara nínú, ó ń ṣí ọ̀nà fún àrùn. Ẹ má dá kóró ẹlẹ́kóró lò. Ẹni tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń ta, kó má dúró de oṣù mẹ́ta o, kó lọ kíá.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ dákẹ́ yẹ̀yẹ́. Ẹ bá wọn gbé kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀yin ìyánífá, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ara yín, ẹ jókòó sọ ọ́, kí àwọn àgbà kọ́ àwọn ìyàwó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bí wọ́n ṣe ń fún ìsàlẹ̀ mọ́ra, kó tó di wàhálà. Ní ti ilé Ifá, lójú tèmi, kò sí ìdí tí ìyá tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kó wẹ̀, kó lo aṣọ mímọ́ tàbí páàdì, kó wọlé wá. Bí ó bá já nígbà tó ń jó, kó jáde lọ pààrọ̀, kó padà wá jó. Àwa tí ó lè bímọ fún kọ́ ni yóò máa lé e jáde nítorí ọmọ bíbí.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a ṣi oògùn lò. Kó fún àwọn ìyá wa ní ara líle àti ẹnu láti fi béèrè. Kó fún àwa awo ní ọkàn tó lè di ọwọ́ pa títí tí òtítọ́ á fi jáde. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.